Ẹ̀rọ Sídì Oní-USB fún Ọkọ̀ Ìgbàlódé: Ta Ni Kí Ó Rà Á?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n ń gbà jáde ní èbúté Apápá àti Tin Can lásìkò yìí ni kò ní ojú sídì mọ́. Skírìnì fẹ̀ǹfẹ̀ kan ni ó wà láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù, ihò USB kan tàbí méjì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì parí síbẹ̀. Ẹni tí ó ti ń ra àwo jùjú, fújì, àpàlà àti wákà ní Ìdúmọ̀tà láti ọjọ́ pípẹ́, tí sídì sì ti kún àpótí nílé rẹ̀, yóò jókòó sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, kò ní rí ibi tí yóò ti ẹyọ kan bọ̀. Ohun tí àwọn ọlọ́jà ń tà fún un ní Computer Village, Ìkẹjà, ni ẹ̀rọ sídì kékeré kan tí a ń fi okùn USB so mọ́ ọkọ̀. Mo ra ọ̀kan, mo sì ń lò ó bí mo ti ń lọ tí mo ń bọ̀ láàárín Agége àti Ìsàlẹ̀ Èkó. Èrò mi ni pé ẹ̀rọ náà dára fún ẹni tí ó bá yẹ, ṣùgbọ́n àwọn tí ó yẹ kò pọ̀ tó bí àwọn tí ń tà á ṣe ń wí.

Ẹ̀rọ náà fẹ̀ ju sídì lọ díẹ̀, ó sì pẹlẹbẹ débi pé ó lè wọ àpò dáṣíbọ́ọ̀dù tí ó wà níwájú ẹni tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Kò ní bátìrì, kò ní sípíkà, kò sì ní ojú tí ń fi nǹkan hàn. Ihò tín-ínrín kan ni ó wà níwájú rẹ̀. Bí a bá ti sídì bọ̀ ọ́ dé ìdajì, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ yóò gbà á lọ́wọ́ ẹni, yóò fà á wọlé, a ó sì gbọ́ bí ó ti ń yí wìì kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnnì kan péré ni ó ní, èyí tí ń lé sídì jáde. Gbogbo iṣẹ́ yòókù, bí orin yíyàn, orin dídá dúró àti ohùn gbígbé sókè, ojú skírìnì ọkọ̀ àti bọ́tìnnì ara sítíárì ni a ti ń ṣe é. Èyí wù mí, nítorí kò sí pé awakọ̀ ń tẹ̀ba láti wá bọ́tìnnì lábẹ́ ẹsẹ̀ nígbà tí kórópe ń rọ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Iye tí wọ́n ń pè é yàtọ̀ láti ìsọ̀ kan sí èkejì. Mo ná èyí tí mo rà títí tí kò fi tó owó táyà tuntun kan mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó yọ owó lápò, ó yẹ kí ó mọ ohun tí ó mú irú ẹ̀rọ yìí yàtọ̀ sí dráìfù sídì ti kọ̀ǹpútà, nítorí pé wọ́n jọra lójú, àwọn ọlọ́jà kan sì ń tà wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìlànà tí Philips àti Sony jọ gbé kalẹ̀, èyí tí àwọn ẹ̀rọ sídì àkọ́kọ́ bá jáde sí ọjà ní ọdún 1982, kò to orin sórí sídì gẹ́gẹ́ bí fáìlì. Òǹkà ni ohùn náà, tí ó ń ṣàn láti àárín sídì lọ sí etí rẹ̀: òǹkà 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan fún sípíkà ọ̀tún, iye kan náà fún ti òsì. Rédíò ọkọ̀ ìgbàlódé ní tirẹ̀, fáìlì ni ó ń wá nínú ihò USB, yálà MP3, WMA, WAV tàbí FLAC. Bí a bá so dráìfù kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ọkọ̀ náà kò ní rí fáìlì kankan, yóò sì kọ ọ́ sójú skírìnì pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tàbí pé òun kò mọ ohun tí a so mọ́ òun. Ẹ̀rọ tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ní ṣíìpù kan nínú tí ń ka sídì, tí ó sì ń fi orin kọ̀ọ̀kan han ọkọ̀ bí ẹni pé fáìlì orí fíláàṣì ni. Ẹ̀tàn ni, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn tí ó lọ́gbọ́n nínú ni.

Ní ìsọ̀ tí mo kọ́kọ́ yà, ọmọkùnrin tí ó wà níbẹ̀ gbé dráìfù kọ̀ǹpútà lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan náà ni wọ́n, ẹ ṣáà máa gbé e lọ.” Mo ní kí ó so ó mọ́ rédíò oní-USB tí ń kọrin lórí tábìlì rẹ̀. Rédíò náà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ní ìsọ̀ kejì, mo ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ti ọkọ̀ ni, orin sì bẹ̀rẹ̀. Mo gba ẹni tí ó bá fẹ́ rà á níyànjú pé kí ó mú sídì kan dání láti ilé, sídì tí ó ti gbọ́ rí tí ó sì mọ̀ pé kò há, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi sídì tiwọn dán an wò fún òun.

Pé ó kọrin ní ìsọ̀ kò wá túmọ̀ sí pé yóò kọrin nínú ọkọ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ọkọ̀ tèmi, mo so ó, mo ti sídì bọ̀ ọ́, kí n tó de bẹ́líìtì tán, orin ti ń lọ. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó tún jẹ́ tuntun ju tèmi lọ, kò rí ẹ̀rọ náà rárá, a sì fi gbogbo ihò inú rẹ̀ dán an wò. Ohun tí ó lè fà á ju ẹyọ kan lọ. Àwọn ihò USB kan wà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n fún fóònù ní iná lọ, pàápàá èyí tí ó wà fún àwọn èrò ẹ̀yìn. Okùn tí ń gbé orin kò dé ibẹ̀. Àwọn ọkọ̀ mìíràn wà tí ihò iwájú wọn ń gba fóònù fún CarPlay àti Android Auto, ètò tí ń gbé iṣẹ́ fóònù wá sójú skírìnì ọkọ̀, nìkan, tí kò sì ní ka fíláàṣì bó ti wù kí a ṣe é. Àwọn kan ń ka fíláàṣì, ṣùgbọ́n MP3 nìkan ni wọ́n gbọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ yìí kì í sọ orin di MP3; bíi WAV, irú fáìlì tí a kò fún pọ̀, ni ó ń fi í han ọkọ̀. Ìdánwò tí ó rọrùn jù lọ ni kí a kó fáìlì WAV kan sínú fíláàṣì, kí a kì í bọ ihò náà nílé: bí ọkọ̀ bá kọ ọ́, kí a má wulẹ̀ dé Ìkẹjà. Ihò ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun sì ti di Type-C, ihò kékeré bíi ti fóònù tuntun. Okùn tí ó bá ẹ̀rọ mi wá kò wọ irú ihò bẹ́ẹ̀, àfi kí a ra orí tí ń so méjèèjì pọ̀.

Iná ni ìṣòro tí ó tẹ̀ lé e. Ìlànà USB 2.0 kò gba ẹ̀rọ láàyè láti fa iná ju mílíáḿpù 500 lọ, sídì sì máa ń fẹ́ iná púpọ̀ nígbà tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bí iná kò bá tó, àmì rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà yóò yí, yóò dúró, yóò tún yí, skírìnì yóò sì máa sọ pé òun ti rí i, òun kò rí i mọ́. Àwọn tí wọ́n ṣe tèmi mọ èyí, wọ́n fi okùn ẹlẹ́nu méjì sínú páálí: ẹnu kan fún ihò orin, èkejì fún ṣájà inú ihò láítà. Ẹni tí rìwáyà rẹ̀ bá sọ fún un pé àfi kí òun tú dáṣíbọ́ọ̀dù kí iná tó lè tó, kí ó kọ́kọ́ bèèrè okùn ẹlẹ́nu méjì lọ́wọ́ ọlọ́jà.

Ní ti ohùn, n kò ní ẹ̀sùn kankan. Ohùn tí ó wà lórí sídì ni ọkọ̀ ń gbà láìsí pé a fún un pọ̀, ìlù ìyáàlù sì ń dún kedere tí ènìyàn fi lè gbọ́ ohun tí ó ń wí. Ẹni tí ó ti fi fóònù gbọ́ orin kan náà nípasẹ̀ Bluetooth yóò mọ ìyàtọ̀, pàápàá níbi tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti gìtá bá ti ń lọ pọ̀.

Ṣùgbọ́n orin tiwa kò rí bí orin tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí ní lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ àwo jùjú àtijọ́ ni ó jẹ́ pé orin kan ṣoṣo ni ó gba ojú àwo kan, tí ó tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì gbé e sórí sídì bẹ́ẹ̀ gan-an: orin méjì gbọọrọ, ó tán. Ẹ̀rọ yìí kì í rántí ibi tí ó dé. Bí mo bá pa ọkọ̀ láti ra epo, tí mo sì tún tan án, láti ìbẹ̀rẹ̀ sídì ni yóò ti mú un. Ẹni tí ó ti dé ibi tí akọrin ti ń dárúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ gbé àwo náà jáde yóò tún padà síbi ìbà àti ìkíni. Fífi ìka lé bọ́tìnnì kí orin máa sáré lọ síwájú ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó falẹ̀ púpọ̀, kò sì bójú mu kí ènìyàn máa ṣe é lórí eré. Fíláàṣì kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ mi. Ibi tí a bá a dé ni yóò ti tẹ̀síwájú.

Ti fújì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àwọn sídì tí wọ́n gé orin sí ọ̀nà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, ìlù kì í dúró láàárín ọ̀kan àti èkejì. Àlà tí wọ́n fà síbẹ̀ wà kí ènìyàn lè fò lọ sí ibi tí ó wù ú ni. Ẹ̀rọ sídì gidi yóò gba ibẹ̀ kọjá láìdúró. Níwọ̀n bí ọkọ̀ mi ti gbà pé fáìlì ni òun ń kà, ó máa ń pa ẹnu dé fún ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó tó ṣí fáìlì tí ó kàn. Akọrin á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọlọ́lá kan, yóò ti pe orúkọ rẹ̀ dé ìdajì, ìlù á gé, orúkọ á parí ní apá kejì. Mo mọ̀ pé ẹni tí kì í gbọ́ fújì kò ní kà á sí, èmi ń kà á sí, máàkì tí mo sì yọ fún un kì í ṣe kékeré.

Kò tún sí orúkọ orin lójú skírìnì. “Track 01”, “Track 02” ni ọkọ̀ máa ń kọ, nítorí sídì lásán kì í sábà gbé orúkọ orin sára. Èyí kò dùn mí, páálí sídì wà lọ́wọ́ mi.

Lójú ọ̀nà, ibi tí a bá gbé e sí ni ó ṣe pàtàkì jù. Nígbà tí ẹ̀rọ sídì bá ń ka orin, sídì ń yí bíi ìgbà 500 ní ìṣẹ́jú kan bí iná léésà bá wà ní àárín, yóò sì dín kù sí bíi 200 bí ó bá ti ń súnmọ́ etí. Gálọ́ọ̀pù tí ó bá gbọn iná náà kúrò ní ìlà rẹ̀ yóò mú kí orin fò, àfi bí ẹ̀rọ náà bá ti kà síwájú tó. Èyí ń kà síwájú díẹ̀. Lórí afárá Third Mainland, kò fò rárá. Ní òpópónà Agége Motor Road, níbi tí kòtò àti ọ̀dà ti ń pín ojú ọ̀nà, ó fò nígbà tí mo gbé e sórí àga, kò sì fò mọ́ nígbà tí mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì tí mo sì fi aṣọ nínípọn sí abẹ́ rẹ̀. Kò yẹ kí a gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù rárá. Oòrùn tí ń pa ọkọ̀ tí a gbé sílẹ̀ ní Marina láti òwúrọ̀ di ọ̀sán lè ká sídì kò, àwọn sídì tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ, tí púpọ̀ nínú ohun tí a rà lójú ọ̀nà jẹ́, sì tètè ń bàjẹ́ nínú oòrùn ju èyí tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ jáde lọ. Sídì oní-MP3, tí orin ọgọ́rùn-ún wà lórí ẹyọ kan, ẹ̀rọ mi ń kà á, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà. Ẹ̀rọ sídì onibátìrì tí ń lo okùn AUX ni ó rọrùn jù bí ọkọ̀ bá ní ihò AUX; ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun kò ní in mọ́. Irú rẹ̀ tí ń lo Bluetooth wà, ó sì ń kọrin dáadáa, àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí ó bá ti gba àyè Bluetooth fún orin, fóònù awakọ̀ ní láti yẹra fún un. Ní ti ẹ̀rọ kékeré tí ń fi orin ránṣẹ́ sí rédíò lórí FM, n kò lè gba ará Èkó nímọ̀ràn rẹ̀. Inspiration wà lórí 92.3, Bond wà lórí 92.9, Rhythm wà lórí 93.7, níbo ni a ó ti rí àlàfo láàárín wọn? Bí a bá rí ọ̀kan ní Agége, kí a tó dé Ọbáléndé, oníwàásù kan á ti dá sí i.

Èyí tí ó bá ẹ̀rọ yìí figẹ̀ wọngẹ̀ ni kí a kó orin inú sídì sínú fíláàṣì. Àwọn ìsọ̀ wà ní Computer Village kan náà tí wọ́n ń ṣe é fún owó, kọ̀ǹpútà tí ó ní ojú sídì sì lè ṣe é nílé. Windows Media Player tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó fún un, Exact Audio Copy sì ń ṣe é láìgba kọ́bọ̀, ó tún máa ń ka ibi tí sídì bá ti há léraléra. Àwo tí ó gba wákàtí kan yóò gba nǹkan bí 600MB bí a bá fi í sílẹ̀ ní WAV, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ní FLAC, àti bíi 144MB ní MP3 oní-320, ìyẹn kílóbíìtì 320 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan; bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré sí ni ohùn ṣe ń dín kù. Fíláàṣì 32GB yóò tipa bẹ́ẹ̀ gba àwo tí ó ju igba lọ ní MP3. N kò ní ra èyí tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé 32GB sábà máa ń wà ní FAT32, ọ̀nà kan tí a ń gbà to fáìlì sórí fíláàṣì, láti ilé iṣẹ́, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọkọ̀ tí kì í kà á, nígbà tí àwọn ńlá máa ń wà ní exFAT, ọ̀nà mìíràn tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í gbà.

Iṣẹ́ tí ìsọ̀ kan bá mi ṣe kò dùn mọ́ mi nínú. Wọ́n yára, owó wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kọ orúkọ sí ohunkóhun. Àwọn àkójọ orúkọ orin tí kọ̀ǹpútà ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò mọ púpọ̀ nínú àwo Yorùbá, nítorí náà gbogbo sídì mi di “Unknown Artist”, gbogbo orin àkọ́kọ́ di “Track 01”, ọkọ̀ sì tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn: ìbẹ̀rẹ̀ àpàlà, ìbẹ̀rẹ̀ wákà, ìbẹ̀rẹ̀ fújì, kí ó tó kan apá kejì ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n ṣe é fún òun, kí ó kọ orúkọ àwo kọ̀ọ̀kan sórí ìwé fún wọn, kí ó ní kí àwo kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀, kí nọ́ńbà wà níwájú orin kọ̀ọ̀kan, kí ó sì tẹnu mọ́ 320, nítorí 128 ni ọwọ́ wọn máa ń lọ sí. Kí wọ́n kọ orúkọ náà láìsí àmì ohùn. Skírìnì ọkọ̀ mi máa ń sọ lẹ́tà tí ó ní àmì lórí àti lábẹ́ di àpótí òfìfo.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà, tí ó sì ní sùúrù láti tẹ orúkọ, kí ó má ra ẹ̀rọ yìí. Ẹni tí mo rò pé ó yẹ ni àgbàlagbà bíi bàbá mi, tí kì í fẹ́ gbọ́ fódà àti fáìlì sétí, tí ó ń wakọ̀ fúnra rẹ̀ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ní Mushin lọ́jọ́ Àìkú, tí ó sì jẹ́ pé kíka ẹ̀yìn páálí sídì jẹ́ ìdajì ìgbádùn rẹ̀. Wọ́n ti so ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún un; ó ti sídì bọ̀ ọ́, ó gbọ́ orin, kò pe ẹnikẹ́ni. Fún un, mo fún ẹ̀rọ náà ní máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún. Fún èmi tí fújì mi ń gé sí méjì, méjì ààbọ̀ ni.

Àyè ìgbọ́kọ̀sí ṣọ̀wọ́n ní Computer Village, kò sì rọrùn láti gbé ọkọ̀ dé ẹnu ìsọ̀ kí a dán an wò kí a tó sanwó. Ohun tí ó ṣeé ṣe ni kí a ní kí ọlọ́jà kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé a lè dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan bí ọkọ̀ wa kò bá rí i, kì í ṣe pé bí ó bá bàjẹ́ nìkan, nítorí ẹ̀rọ tí ọkọ̀ kan kò rí kò bàjẹ́ rárá lójú ọlọ́jà. Èyí tí ó bá kọ̀ láti kọ ọ́, kí a kọjá sí ìsọ̀ kejì. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀.